Ẹ Má Dúró Dìgbà Tí Ẹja Yóò Kú

Ẹ̀yin ará Kétu, Máìlì 12, Ìkòsí àti Agbóyì, ọ̀rọ̀ odò wa ni mo gbé wá lónìí. Odò Ògùn ń gba ọ̀dọ̀ wa kọjá lọ sí ọ̀sà. Odò Ìyá Aláró náà ń ti apá ilé iṣẹ́ ńláńlá Ìkẹjà bọ̀. Bí òkú ẹja bá léfòó, gbogbo wa la máa ń pariwo. Ṣùgbọ́n májèlé kan wà tí kì í pa ẹja lójú ẹsẹ̀.

Kẹ́míkà PCB, tí wọ́n ń lò nínú òróró tírànsífọ́mà àtijọ́, àti DDT tí wọ́n fi ń pa kòkòrò, kì í yòrò sínú omi. Inú ọ̀rá ẹja ni wọ́n ń sá pamọ́ sí, fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ̀dọ̀ ẹja á máa bá wọn jà, agbára tí ìbá fi dàgbà, tí ìbá fi yé ẹyin, á sì bá ìjà náà lọ. Bí oúnjẹ bá wọ́n tí ẹja ń ná ọ̀rá ara rẹ̀, májèlé náà á tún tú sínú ẹ̀jẹ̀. Ojú lásán kò lè rí i lára epìyà tàbí àrọ̀ tí ẹ rà. Àyẹ̀wò nìkan ló lè fi í hàn.

Òfin kò ní kí ẹ dúró dìgbà tí ẹja bá kú kí ẹ tó sọ̀rọ̀. Lọ́dún 1988, wọ́n kó ìdọ̀tí onímájèlé tí PCB wà nínú rẹ̀ láti Ítálì wá dà sí Koko, ní ìpínlẹ̀ Bendel ìgbà náà. Lọ́dún yẹn gan-an ni ìjọba ṣòfin pé ẹ̀wọ̀n gbére ni fún ẹni tó bá da irú ìdọ̀tí bẹ́ẹ̀ sórí ilẹ̀ tàbí sínú omi wa. Òfin ọdún 2007 tó dá NESREA sílẹ̀, ìyẹn àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ìmúṣẹ òfin àyíká, ní abala 27, tún ka dída kẹ́míkà eléwu sínú omi léèwọ̀.

Kí lẹ lè ṣe? Bí ẹ bá rí omi tí àwọ̀ tàbí òórùn rẹ̀ yí padà, ẹ kọ ọjọ́ àti ibi tó ti ṣẹlẹ̀ sílẹ̀, ẹ ya fọ́tò, kí ẹ sì fi tó LASEPA, àjọ tó ń dáàbò bo àyíká ní ìpínlẹ̀ Èkó, létí. Òfin òmìnira ìròyìn ti 2011 fún yín láṣẹ láti kọ̀wé béèrè èsì àyẹ̀wò omi lọ́wọ́ NESREA. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ní kí ẹ sọ ìdí tí ẹ fi ń béèrè. Ọjọ́ 7 ni wọ́n ní láti fèsì. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ ní ọjọ́ 30 láti gbé wọn lọ sílé ẹjọ́. Ẹ rí i pé wọ́n lu òǹtẹ̀ àti déètì sí ẹ̀dà lẹ́tà tó wà lọ́wọ́ yín.

Lọ́dún 2018, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ sọ pé ẹgbẹ́ tó ń jà fún àyíká lè pẹjọ́ nítorí omi ará ìlú, bí ohun náà kò tilẹ̀ kàn án ní tààrà.

Ẹ̀yin apẹja, ẹ̀yin ìyá ẹlẹ́ja, ẹ̀yin ẹgbẹ́ lánlọ́ọ̀dù, ẹ jọ fọwọ́ sí lẹ́tà kan ṣoṣo sí NESREA. Kí ó jáde kí oṣù yìí tó parí.