Ẹ Jẹ́ Kí A Mọ Èdè Tẹlifóònù Ọ́fíìsì

Kọ̀ǹpútà ló ń darí tẹlifóònù ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ báyìí. PBX ni ẹ̀rọ tí ń so ìpè pọ̀. Trunk ni ọ̀nà tí ìpè ń gbà jáde síta. Extension ni nọ́ńbà kúkúrú tí a fi ń pe ara wa nínú ilé. CDR ni àkọsílẹ̀ nọ́ńbà tó pè, nọ́ńbà tí a pè, àkókò rẹ̀ àti bó ti pẹ́ tó. Ohùn wa kò sí níbẹ̀. Bí ọ̀gá bá fi CDR kan yín, ẹ rántí pé kò lè sọ ẹni tó gbé fóònù náà. Ẹ má ṣe fọwọ́ síwèé kíákíá. Ẹ kọ́kọ́ pe akọ̀wé ẹ̀ka wa.