Ẹ Yẹ Akọ Náà Wò: Ohun Tí Odídẹrẹ́ Kọ́ Wa
(Ọ̀rọ̀ tí tọkọtaya kan lára ọmọ ẹgbẹ́ wa sọ níbi ìpàdé wa ní New Carrollton)

Nígbà tí akọ̀wé ní kí a wá sọ̀rọ̀ lórí àwọn ẹyẹ wa, àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ẹ máa rẹ́rìn-ín lọ, ṣùgbọ́n ẹ fetí sílẹ̀.

Gbogbo wa la mọ odídẹrẹ́. Ta ni kò mọ ìkóódẹ, ìyẹ́ pupa ìdí rẹ̀ tí wọ́n ń fi sára adé? Ẹyẹ yìí ti ń tán nínú igbó. Ní Ghana, àwọn olùwádìí rí i pé láti 1992, ó kéré tán 90 nínú ọgọ́rùn-ún ló ti lọ. Ní 2016, àwọn orílẹ̀-èdè tó pàdé ní Johannesburg fẹnu kò láti fòpin sí títa odídẹrẹ́ inú igbó láti ilẹ̀ kan sí òmíràn. Nítorí náà, èyí tó bá wà nílé ẹni, ó yẹ kó bímọ.

Akọ kan àti abo kan tí wọ́n pa ní Amẹ́ríkà níbí ni a rà. Akọ àti abo jọra, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ la fi mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Fún ọdún mẹ́ta ni abo yìí ń yé ẹyin mẹ́ta mẹ́ta, tó ń sàba lé e fún bí ọjọ́ 28, tí gbogbo rẹ̀ sì ń di òbu. Kí la sọ? A ní abo náà yàgàn. Ẹyẹ tó ń yé ẹyin la pè ní àgàn o! Díẹ̀ ló kù kí a fi tọrẹ.

Dókítà ẹranko ló bi wá pé, "Ṣé ẹ ti yẹ akọ wò?" Ẹnu wa wọhò. Ó ṣàlàyé fún wa pé inú ara ni kóró ẹpọ̀n ẹyẹ wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kídìnrín, ojú kò lè rí i. Bí àkókò ìbísí bá dé, tí oúnjẹ sì wà, ọpọlọ á ránṣẹ́, kóró náà á wú ní ìlọ́po púpọ̀, á sì máa da họ́mọ́ònù tí wọ́n ń pè ní testosterone sínú ẹ̀jẹ̀. Bí àkókò bá kọjá, á tún súnkì. Berthold, ará Jámánì, fi àkùkọ dán irú nǹkan yìí wò ní 1849: ó yọ kóró wọn, ogbe orí àwọn tí kò gbé e padà sára wọn kò dàgbà, ṣùgbọ́n ti àwọn tó gbé e sí ibòmíràn nínú ara wọn dàgbà.

A gba ẹ̀jẹ̀ akọ wa lẹ́ẹ̀kan. Họ́mọ́ònù rẹ̀ kéré. Lálẹ́ ọjọ́ náà, akúra ni a ń pè é. Dókítà bá wa wí. Ó ní àkókò ìbísí kọ́ nìyí, ẹ̀rù ba ẹyẹ náà nígbà tí a mú un, iye rẹ̀ sì máa ń yí padà láàárín ọjọ́ kan náà. Ẹ̀ẹ̀kan kò tó.

Nígbà tí àkókò tó, a tẹ́ bébà sábẹ́ rẹ̀, à ń kó ìgbẹ́ rẹ̀ tútù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ sínú ẹ̀rọ amúǹkandì, dókítà sì ń fi ránṣẹ́ sí ilé àyẹ̀wò. Kò sẹ́ni tó mú ẹyẹ, kò sẹ́ni tó gún un. Iye náà ń gòkè lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Ara akọ dá ṣáṣá!

Kí wá ló ṣẹlẹ̀? Dókítà wá wo ilé ẹyẹ náà. Igi tí wọ́n ń bà lé ń mì. Bí akọ bá gun abo, yóò ṣubú kó tó ṣe nǹkan kan. A kan igi náà mọ́lẹ̀ dáadáa. Nínú ẹyin mẹ́ta tó tẹ̀ lé e, méjì pa.

Irú iṣẹ́ yìí kò jìnnà sí wa. Ní Patuxent, ní Laurel, nínú Prince George's County wa yìí, ìjọba tọ́ ẹyẹ ńlá funfun tí wọ́n ń pè ní whooping crane fún bí àádọ́ta ọdún. Nígbà náà, wọ́n ń gba àtọ̀ akọ, wọ́n sì ń fi sára abo. Akọ àti abo ni wọ́n ń yẹ̀ wò.

Bí òwe bí òwe ni à ń lu ìlù àgídìgbo. Nínú ilé wa ńkọ́? Bí ọmọ bá pẹ́, ìyàwó nìkan ni tẹbí-tọ̀rẹ́ ń fi tẹlifóònù bi léèrè láti ilé. Àwọn dókítà sì sọ pé nínú bí ìdajì àwọn tọkọtaya tó ń wá ọmọ, ọwọ́ ara ọkọ wà níbẹ̀. Àyẹ̀wò àtọ̀ ni ọkùnrin fi ń bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá ní kó yẹ họ́mọ́ònù wò, òwúrọ̀ ló dára jù, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ̀yin ọkùnrin tí ẹ ń ra abẹ́rẹ́ testosterone fúnra yín, ẹ ṣọ́ra: ó lè mú kí ọpọlọ dẹ́kun iṣẹ́ tó ń rán, kí èso inú àtọ̀ sì dáwọ́ dúró.

Ẹ jẹ́ kí tọkọtaya jọ lọ rí dókítà. Kí ẹnikẹ́ni má pe ẹnikẹ́ni ní àgàn tàbí akúra kí a tó wo igi tí wọ́n bà lé. Àwọn tó ń wá ọmọ láàárín wa, Olódùmarè yóò fi ọmọ rere dá wọn lóhùn.