Orúkọ Tí Kò Sí Nínú Ìwé Àkọ́kọ́

Ní àkókò tí àwọn yunifásítì bá ń gbé orúkọ àwọn tí wọ́n gbà wọlé jáde, ilé tí ọkàn rẹ̀ pòrúurùu jù kì í ṣe ilé ọmọ tí ó fìdí rẹmi pátápátá. Ẹni tí ó fìdí rẹmi ti mọ ohun tí ó kàn: yóò tún ìdánwò ṣe. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó gba máàkì tí ó dára, tí orúkọ rẹ̀ kò sì sí nínú ìwé àkọ́kọ́, tí àwọn ojúlùmọ̀ ń sọ fún pé, “Fara balẹ̀, ìwé kejì ń bọ̀,” òun ni kò mọ̀ bóyá kí òun dìde tàbí kí òun jókòó. Irú ilé bẹ́ẹ̀ kò wọ́n ní Ìkòtún, Ẹgbẹ́dá àti Ìgàndó, nínú ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́ tí ìkànìyàn ọdún 2006 rí ènìyàn tí ó lé ní 1,200,000 nínú rẹ̀. Báwo ni ìrètí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ti tó?

Ní Amẹ́ríkà, àwọn yunifásítì ńláńlá a máa kọ ìwé sí ọmọ pé kí ó dúró dè wọ́n. Wọn a bi í bóyá ó gbà láti dúró, ọ̀pọ̀ nínú wọn a sì máa tẹ iye ẹni tí ó dúró àti iye ẹni tí ó wọlé jáde lọ́dọọdún. Ní ilẹ̀ wa, ẹnikẹ́ni kì í kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀. Inú ọkàn òbí nìkan ni ìtòlẹ́sẹẹsẹ náà wà. Ohun tí ó wà ní tòótọ́ ni ìwé orúkọ àfikún, tí ó ń jáde nígbà tí àyè bá ṣẹ́ kù.

Kí ìjọba tó dá àjọ JAMB sílẹ̀ ní ọdún 1978, olúkúlùkù yunifásítì ni ó ń gba ọmọ tirẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo lè gba àyè mẹ́ta, kí méjì sì ṣófo. JAMB dí ihò náà. Láti ọdún 2017, orí ẹ̀rọ CAPS ni ọmọ ti ń sọ bóyá òun gba àyè tí a fún òun tàbí òun kọ̀ ọ́.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń pín àyè ní yunifásítì ìjọba àpapọ̀. Bí àyè bá jẹ́ 100, 45 jẹ́ ti àwọn tí máàkì wọn ga jù lọ, láìbèèrè ìlú wọn. 35 jẹ́ ti agbègbè tí ilé ẹ̀kọ́ náà kà sí tirẹ̀. 20 tí ó kù jẹ́ ti àwọn ìpínlẹ̀ tí ìjọba kà sí pé ẹ̀kọ́ kò tíì gbilẹ̀ tó níbẹ̀. Agbègbè Yunifásítì Èkó ni Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Òndó àti Èkìtì.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti kan Alímọ̀ṣọ́ gan-an. Ìpínlẹ̀ baba ọmọ ni wọ́n ń wò, kì í ṣe àdúgbò tí a bí i sí. Ọmọ tí òbí rẹ̀ wá láti Ìmò, tí a bí sí Ẹgbẹ́dá, tí ó ka ìwé láti jẹ́lé-ó-sinmi títí dé ìpele kẹta ilé ẹ̀kọ́ gíga girama ní Ẹgbẹ́dá, kò sí nínú 35, kò sì sí nínú 20. Inú 45 nìkan ni ó ti lè jà. Ọmọ Èkìtì tí wọ́n jọ jókòó lórí bẹ́ńṣì kan náà ní ilẹ̀kùn méjì. Ọ̀pọ̀ òbí kò gbọ́ èyí títí orúkọ fi jáde.

Máàkì ọ̀hún pàápàá kò fẹ̀ tó bí ènìyàn ti rò. Ní Yunifásítì Èkó, máàkì JAMB ni a ń fi 8 pín, kí ó lè di ìdajì 100; ìdánwò ilé ẹ̀kọ́ náà kó 30, èsì girama kó 20. Ẹni tí ó gba 280 ní 35. Ẹni tí ó gba 272 ní 34. Ìyàtọ̀ máàkì mẹ́jọ tí ìyá fi ń yangàn lójà ti di ẹyọ kan ṣoṣo.

Níbo wá ni àyè ti ń ṣí sílẹ̀? Ní ọwọ́ ẹni tí ó kọ àyè tirẹ̀, tàbí ẹni tí èsì WAEC tàbí NECO rẹ̀ kò sí lórí ẹ̀rọ. Àwọn tí ń kọ ìṣègùn tàbí òfin sílẹ̀ ṣọ̀wọ́n púpọ̀, nítorí náà ìrètí àfikún níbẹ̀ tín-ín-rín. Ẹ̀kọ́ tí àwọn olùbẹ̀wẹ̀ rẹ̀ kò pọ̀ ni ilẹ̀kùn rẹ̀ máa ń pẹ́ kí ó tó tì, ibẹ̀ ni ilé ẹ̀kọ́ sì ti máa ń sọ fún ẹni tí ó béèrè ìṣègùn pé, “Ṣé o lè kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ewéko?” Ọmọ gbọ́dọ̀ gbà kí ìyípadà náà tó dúró.

Àwọn òbí kan ní kí ọmọ kọ̀, kí ó dúró de ohun tí ọkàn rẹ̀ fẹ́. Àwọn olùkọ́ púpọ̀ ní kí ó gbà, bí ẹ̀kọ́ náà kò bá jẹ́ ohun ìríra fún un. Ti àwọn olùkọ́ ni ó sún mọ́ òótọ́ jù, nítorí ẹni tí ó kọ àyè sílẹ̀ kò ní ìdánilójú òmíràn. Ní ti àwọn tí ń gba owó lọ́wọ́ òbí, tí wọ́n ní àwọn mọ ẹnìkan ní ọ́fíìsì, owó náà ni ó sábà máa ń wọlé, kì í ṣe ọmọ.

Ọ̀nà tí ó gba Ìgàndó kọjá lọ sí Ọ̀jọ́ dé ẹnu ọ̀nà LASU, tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó dá sílẹ̀ ní ọdún 1983. Ọmọ bíbí Èkó ní àǹfààní níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ a máa kọ Yunifásítì Èkó sí ipò kìíní, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ó fi í sí ipò kìíní nìkan ni ilé ẹ̀kọ́ náà ń wò. Nígbà tí ó bá já wọn kulẹ̀, LASU pẹ̀lú ti kún. Ìdí nìyí tí àwọn olùkọ́ kan fi ń fẹ́ kí a fi máàkì ìgbàwọlé ọdún tí ó kọjá, ti ìpínlẹ̀ ọmọ náà gan-an, hàn án kí ó tó fi orúkọ sílẹ̀ fún JAMB. Yunifásítì Èkó a máa gbé e jáde ní ìpínlẹ̀-ìpínlẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí orúkọ bá ti jáde ni ọ̀pọ̀ òbí tó ń wá a kiri.