Òjò Kò Bẹ́nìkan Ṣọ̀tá: Àgbàrá, Ilẹ̀ Oníkọnkéré àti Ìwà Aládùúgbò ní Adó-Èkìtì

 

1. Ìfáàrà

Ó lè ya ẹlòmíràn lẹ́nu pé ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ mọ́ lítíréṣọ̀ dúró níwájú yín láti sọ̀rọ̀ nípa gọ́tà. Ẹnjiníà ni ó ni gọ́tà. Ìwé ni wọ́n mọ̀ mí mọ́. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa ti fi òwe sọ púpọ̀ nínú ohun tí ẹnjiníà ń sọ nípa omi òjò, títú ìdí òwe sì wà lára iṣẹ́ tí a ń san owó oṣù rẹ̀ fún mi.

Òwe méjì ni mo fẹ́ gbé kalẹ̀. Èkínní ni èyí tí ó ní, "Òjò kò bẹ́nìkan ṣọ̀tá, ẹni eji rí leji ń pa." Èkejì ni, "Àgbàrá òjò kò lóun ò nílé wó. Onílé ni kò ní í gbà fún un." Bí a bá yẹ òwe méjèèjì wò fínnífínní, a ó rí i pé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ohun tí wọ́n ń bá wí. Òjò ni ti èkínní. Àgbàrá ni ti èkejì. Òkè ni òjò ti ń bọ̀, kò sì mọ olówó yàtọ̀ sí tálákà. Orí ilẹ̀ ni àgbàrá ti ń bẹ̀rẹ̀, ibi tí a bá sì tẹ ilẹ̀ sí ni ó ń gbà lọ.

Kókó ọ̀rọ̀ mi lónìí nìyí: ẹni tí ó bá fi kọnkéré bo ilẹ̀ ti sọ òjò di àgbàrá. Láti ọjọ́ náà ni ó ti jẹ gbèsè ọ̀nà. Ó di dandan kí ó wá ọ̀nà fún omi náà, kí ọ̀nà náà má sì parí sí ẹnu ilẹ̀kùn ẹlòmíràn.

2. Ilẹ̀ tí a tẹ̀dó sí

Ọ̀pọ̀ àgbà ni ó gbà pé láti ara òkìtì ni orúkọ Èkìtì ti wá. Ẹni tí ó bá dúró ní Òkè Ayọ̀ba, níbi tí ilé ìjọba wà, tí ó sì wo ìlú Adó nísàlẹ̀, kò ní í jiyàn. Òkè yí ìlú ká, ìlú náà sì ń gun òkè. Àpáta líle ni ó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ wa, gíránáìtì àti àwọn àpáta tí ó bá a tan. Ní ibòmíràn, erùpẹ̀ tí ó bo àpáta yìí kò jìn. Ní ibòmíràn ẹ̀wẹ̀, àpáta yọrí síta pátápátá, bíi ti Olóta ní Adó àti Olósùnta ní Ìkẹ́rẹ́. Láti Oṣù Kẹta tàbí Oṣù Kẹrin ni òjò ti ń rọ̀ títí di Oṣù Kẹwàá. Omi tí ó bá bọ́ sórí òkè, ìsàlẹ̀ ni ó ń wá, títí yóò fi dé odò Àjílọ́sùn, odò Urèje àti àwọn ìṣàn kéékèèké mìíràn. Bákan náà ni ó rí ní Ìyìn, ní Ìgèdè, ní Ìfàkì àti ní Ìwòròkò.

Láyé àtijọ́, ilẹ̀ a máa gba ìpín tirẹ̀ kí omi tó dé odò. Koríko a dá a dúró, gbòǹgbò ọ̀gẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn ilé ìwẹ̀ a mu nínú rẹ̀, erùpẹ̀ a sì fa púpọ̀ nínú ìyókù wọlé. Ní ọjọ́ kìíní Oṣù Kẹwàá ọdún 1996, Adó di olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Èkìtì. Ilé pọ̀ sí i, ọ̀nà pọ̀ sí i, ọkọ̀ pọ̀ sí i. Ilé epo, báǹkì, ilé ìjọsìn, ilé ẹ̀kọ́ àti ilé àdáni, kò sí èyí tí kò fẹ́ kí iwájú òun mọ́ tónítóní. Àwọn kan da kọnkéré, àwọn kan to íńtálọ́ọ̀kì. N kò bá ẹnikẹ́ni wí. Ẹrẹ̀ kò yẹ aṣọ àlà, arúgbó kò sì gbọdọ̀ máa yọ̀ ṣubú lẹ́nu ọ̀nà ara rẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé ilẹ̀ tí a ti dí lẹ́nu kò lè mu omi mọ́.

3. Ìṣirò omi ilé kan

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Bí òjò tí ó ga ní mìlímítà 1 bá bọ́ sórí ilẹ̀ tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mítà 1, tí òró rẹ̀ sì jẹ́ mítà 1, lítà 1 ni omi náà. Ẹ jẹ́ kí a mú ilẹ̀ tí ó jẹ́ 50 ẹsẹ̀ bàtà sí 100 ẹsẹ̀ bàtà, èyí tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ sí pulọ́ọ̀tì kan. Ó tó nǹkan bí mítà onígun mẹ́rin 465. Bí òjò ńlá kan bá rọ̀ tí ó tó mìlímítà 50, omi tí ó bọ́ sínú ọgbà náà lé ní lítà 23,000.

Bí ọgbà náà bá jẹ́ koríko, tí ó tẹ́jú, tí erùpẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ oníyanrìn, díẹ̀ ni yóò ṣàn jáde. Ṣùgbọ́n bí páànù bá bo apá kan, tí kọnkéré sì bo gbogbo ìyókù, a lè ṣírò ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá mọ́ èyí tí yóò jáde. Dúrọ́ọ̀mù epo kan ń gba nǹkan bí lítà 200. Èyí ni pé ilé kan ṣoṣo yóò da omi tí ó lé ní dúrọ́ọ̀mù 100 sí ìgboro nínú òjò kan. Bí ilé 10 bá wà lẹ́sẹẹsẹ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, ó di dúrọ́ọ̀mù 1,000.

Bí ẹnì kan bá dúró lẹ́nu géètì rẹ̀ ní ọ̀sán gangan, tí ó ń da dúrọ́ọ̀mù omi kan tẹ̀lé òmíràn sínú ọgbà aládùúgbò rẹ̀ títí ó fi pé 100, gbogbo àdúgbò ni yóò pariwo lé e lórí. Nígbà tí òjò bá bá a dà á, àmúwá Ọlọ́run ni a ń pè é.

4. Bí ojú àgbàrá ṣe ń ṣiṣẹ́

Ọ̀nà méjì ni àwọn bíríkìlà ń gbà kó omi kúrò lórí ilẹ̀ oníkọnkéré. Èkínní ni ihò kan ṣoṣo láàárín ọgbà. Kí omi tó lè dé ihò yìí, ilẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ̀ sí i láti igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bí inú àwo. Iṣẹ́ yìí ṣòro í ṣe dáadáa, bí ìwọ̀nba ewé bá sì dí ihò náà, ọgbà di adágún.

Èkejì ni ojú àgbàrá gígùn. A ó gbẹ́ kòtò tóóró la ilẹ̀ kọjá láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, a ó fi kọnkéré tẹ́ ìsàlẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, a ó sì fi irin oníhò bò ó, kí ẹsẹ̀ àti táyà lè gba orí rẹ̀ kọjá. Àǹfààní rẹ̀ ni pé apá kan ṣoṣo ni ilẹ̀ ní láti tẹ̀ sí. Bí ó bá fi sẹ̀ǹtímítà 10 relẹ̀ láàárín mítà 6, ó tó. Ojú ènìyàn lè má rí i. Omi yóò rí i. Ìsàlẹ̀ kòtò náà fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ relẹ̀ sí ibi tí omi yóò gbà jáde, sẹ̀ǹtímítà 5 sí 10 láàárín mítà 10. Bí ìsàlẹ̀ yìí bá rí roboto bí inú igbá, omi díẹ̀ náà yóò lágbára láti gbá yanrìn lọ. Bí ó bá tẹ́ pẹrẹsẹ, yanrìn yóò jókòó sí i. Irin ìbòrí kò gbọdọ̀ ga ju ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ omi yóò yà á sílẹ̀. Ní ìparí rẹ̀, ó dára kí kòtò kékeré kan wà tí ó jìn ju ìyókù lọ, níbi tí yanrìn yóò ti rì kí omi tó bọ́ sí gọ́tà ìgboro.

Ní ìlú olókè bíi tiwa, ibi méjì ni ojú àgbàrá yìí ti wúlò jù lọ. Ọ̀kan ni ẹnu géètì ilé tí ó wà lókè títì, kí omi ọgbà má baà tú sójú ọ̀nà. Èkejì ni iwájú ilé tí ó wà nísàlẹ̀ títì, kí omi ojú ọ̀nà má baà wọ yàrá.

5. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àlejò

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé òyìnbó ni ó kọ́ wa ní títẹ́ ilẹ̀. Ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn awalẹ̀pìtàn rí ilẹ̀ tí a fi àfọ́kù ìkòkò tẹ́. Lóòró ni wọ́n to àfọ́kù náà, ọ̀kan fi ara ti èkejì, ní ìlà bí egungun ẹja. Òkúta wẹ́wẹ́ funfun sì wà láàárín àwọn mìíràn. Frank Willett wú irú rẹ̀ síta ní Ìta Yemòó ní ìparí àwọn ọdún 1950 síwájú. Peter Garlake náà rí i nínú ilẹ̀ tí ó wà ní 1971 àti 1972. Ìtàn àtẹnudẹ́nu so ilẹ̀ títẹ́ yìí mọ́ orúkọ Lúwo, obìnrin tí ó jẹ Ọọ̀ni.

Nínú agbo ilé àtijọ́ pẹ̀lú, òrùlé dojú kọ àgbàlá. Omi ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀ a bọ́ sínú ìkòkò tí a gbé dè é, èyí tí ó bá ṣẹ́ kù a sì gba ihò abẹ́ ògiri jáde. Ìwé tí G. J. Afọlábí Òjó kọ nípa ààfin ilẹ̀ Yorùbá, tí ó jáde ní 1966, fi bí àgbàlá ti ṣe pàtàkì tó nínú ààfin hàn wá.

Bí a bá tún wo òkèèrè, ní Mohenjo-daro ní ilẹ̀ Pakísítánì òde òní, àwọn ará ìlú ti fi bíríkì kọ́ ojú àgbàrá ní nǹkan bí ọdún 4,500 sẹ́yìn. Ti ilé ń já sí ti ìgboro, ti ìgboro sì ní ìdérí. Kò sí bí èyí ṣe lè rí bẹ́ẹ̀ bí kò bá sí ìfohùnṣọ̀kan láàárín onílé àti ìlú.

6. Níbo ni omi náà ń parí sí?

Ìfohùnṣọ̀kan yìí gan-an ni ó ṣọ̀wọ́n láàárín wa. Ẹni tí ó bá rin àdúgbò wa lẹ́yìn òjò yóò rí gọ́tà tí a kọ́ dáadáa níwájú ilé kan, tí ó sì dópin ní ibi tí ilẹ̀ onílé náà dópin. Onílé tí ó tẹ̀ lé e nísàlẹ̀ yóò fi búlọ́ọ̀kù méjì dí ẹnu géètì tirẹ̀. Èyí tí ó tún tẹ̀ lé e yóò fi mẹ́ta dí i. Báyìí ni a ó ṣe máa lé omi láti ilé dé ilé títí yóò fi dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò ní owó búlọ́ọ̀kù. Òwe ní onílé ni kò ní í gbà; kí ni onílé yìí fẹ́ fi kọ̀? Èrò tèmi ni pé gbogbo àdúgbò ni onílé tí òwe náà ń bá wí. Ẹnì kan ṣoṣo kò lágbára àtikọ̀ fún àgbàrá.

Ìbàdàn ti kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ náà. Ní 31 Oṣù Kẹjọ 1980, odò Ògùnpa kún, ó sì gba ẹ̀mí tí ó ju 200 lọ. Ní 26 Oṣù Kẹjọ 2011, omíyalé mìíràn pa ènìyàn tí ó ju 100 lọ nínú ìlú kan náà. Òjò pọ̀ ní ọjọ́ méjèèjì, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ilé ti fún odò mọ́ra, pàǹtírí sì ti dí ọ̀nà omi kí òjò tó dé.

Ọ̀rọ̀ pàǹtírí kò yọ Adó sílẹ̀. Ọ̀rá piọ wọ́tà, ewé àti yanrìn ni ọ̀tá gọ́tà. Láti ìgbà ìjọba ológun ọdún 1984 sí 1985 ni ìmọ́tótó àyíká ti di ọ̀rọ̀ ẹnu gbogbo wa. A ń kó ẹrẹ̀ inú gọ́tà, a sì ń tò ó jọ sí etí gọ́tà kan náà. Òjò tí ó bá tẹ̀ lé e yóò dá a padà sí àyè rẹ̀.

7. Omi tí ó ṣàn kọjá wa

Àdánù kejì ń bọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Omi kànga wa kò ní orísun mìíràn ju òjò tí ilẹ̀ mu lọ. Níwọ̀n bí erùpẹ̀ orí àpáta wa kò ti jìn púpọ̀, omi tí ó lè tọ́jú mọ níwọ̀n. Ilé tí ó da dúrọ́ọ̀mù 100 síta nínú òjò kan ní Oṣù Kẹsàn-án lè máa dúró de ọkọ̀ oníṣẹ́ omi ní Oṣù Kejì, kí ó sì fi owó ra dúrọ́ọ̀mù mélòó kan. A ní omi tí ènìyàn yóò mu kò ní í ṣàn kọjá rẹ̀. Òótọ́ ni, bí kò bá jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ni ó la ọ̀nà fún un láti kọjá.

8. Àsọkágbá

Ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ kí a mú lọ sílé. Èkínní, kí a má ṣe bo gbogbo ilẹ̀. Ẹ fi àyè sílẹ̀ fún koríko àti igi; ẹ gbe omi òrùlé sínú táǹkì. Èkejì, kí ẹni tí yóò da kọnkéré kọ́kọ́ bi bíríkìlà rẹ̀ léèrè ibi tí omi yóò gbà kí ó tó bi í ní iye àpò sìmẹ́ǹtì. Ẹ̀kẹta, kí àwọn tí ó wà lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan náà jókòó pọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí wọ́n so ojú àgbàrá wọn pọ̀ láti ilé òkè dé odò, kí wọ́n sì bá ìjọba ìbílẹ̀ sọ ọ́ bí ibi tí ó bá ti kọjá agbára wọn bá dé. Kí ẹni òkè dá owó ju ẹni ìsàlẹ̀ lọ, nítorí omi tirẹ̀ ni ó rìn jìnnà jù.

Ẹni tí ó wà nísàlẹ̀ òkè kò lè lọ sókè lọ bá òjò jà. Àwa tí a wà lókè ni ó ń wò lójú. Òjò kò bẹ́nìkan ṣọ̀tá. Kí àgbàrá ọgbà wa má ṣe bá wa dá ọ̀tá sílẹ̀.