Àwa Awo Etí Ọ̀sà Lórí Òkè Ọ̀yọ́-Ilé



 Ìbà Olódùmarè. Ìbà Ọ̀rúnmìlà, ẹlẹ́rìí ìpín. Ìbà àwọn olúwo tí wọ́n fi ọwọ́ mú wa wọ inú ìmọ̀ kí wọ́n tó lọ bá àwọn àgbà lọ́run.

Etí ọ̀sà ni Ìwòpin tí a ti wá wà. Ilẹ̀ wa tẹ́jú, iyẹ̀pẹ̀ wa rọ̀, ọmọ lè dàgbà di géńdé níbẹ̀ kí ó má rí àpáta tí ó ga jù ú lọ. Nígbà tí a gbọ́ pé orí òkè ni ọ̀rọ̀ wa yóò dá lé lọ́dún yìí, àwọn kan nínú ẹgbẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò sì burú. Ṣùgbọ́n ní ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, àwa méje láti ìhà wa háyà ọkọ̀ kan, a sì gbọ̀nà Ọ̀yọ́-Ilé lọ, inú igbó tí ìjọba àpapọ̀ ń ṣọ́, tí wọ́n ń pè ní Old Oyo National Park. Láti ìgbà tí a ti dé ni àwọn ènìyàn ti ń bi wá ní ìbéèrè méjì. Èkíní: kí ló dé tí babaláwo fi ní láti gba ìwé àṣẹ, kí ó sì jẹ́ kí ọmọdé aláṣọ ìjọba máa ṣáájú rẹ̀ lórí ilẹ̀ àwọn baba rẹ̀? Èkejì: ewé wo ni ẹ bá wa já bọ̀? Ìdáhùn sí méjèèjì ni a gbé wá síwájú yín.

Kí a kọ́kọ́ sọ bí ibẹ̀ ti rí. Igbó náà fẹ̀ tó 2,512 kìlómítà níbùú àti lóòró, ní ìhà àríwá Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ní 1936 ni wọ́n ti kọ́kọ́ ya igbó òkè odò Ògùn sọ́tọ̀, wọ́n ya ti Ọ̀yọ́-Ilé sọ́tọ̀ ní 1941, wọ́n sọ méjèèjì di igbó ìtọ́jú ẹranko ní 1952, nígbà tí ó sì di 1991 wọ́n di ọgbà kan ṣoṣo lábẹ́ ìjọba àpapọ̀. Ní ti òkè, ibi tí ó ga jù níbẹ̀ kò ju nǹkan bí 508 mítà lọ sí ìpele òkun. Ẹni tí ó bá ń wá òkè tí orí rẹ̀ kan ìkùukùu, kí ó kọjú sí ìhà Tàràbà, níbi tí ọgbà Gashaka-Gumti wà, tí òkè Chappal Waddi sì ga ju 2,400 mítà lọ. Ti Ọ̀yọ́-Ilé kò tó bẹ́ẹ̀. Àpáta ni, ó yọ ṣóńṣó kúrò nínú ọ̀dàn, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún, ihò àpáta sì wà nínú àwọn mìíràn tí ogun kò lè tètè rí ènìyàn mú. Ẹni tí ó bá dúró ní ìsàlẹ̀ wọn yóò mọ ìdí tí àwọn ọba fi tẹ ìlú síbẹ̀.

Nǹkan kan wà tí ó so àwa ará Ìpínlẹ̀ Ògùn mọ́ ibẹ̀. Odò Ògùn tí wọ́n fi sọ ìpínlẹ̀ wa lórúkọ ní 1976, inú ọ̀dàn òkè lọ́hùn-ún ni ó ti ń bọ̀. Ó gba àárín ọgbà náà kọjá, ó gba Abẹ́òkúta, ó sì ṣàn sínú ọ̀sà Èkó, ọ̀sà tiwa sì bá ti Èkó tan. Ẹni tí ó ń bọ Yemọja ní etí omi níhìn-ín, kí ó rántí pé lábẹ́ òkúta wọ̀nyẹn ni omi ìyá náà ti kọ́kọ́ ń sun.

Nísinsìnyí, ìrìn náà gan-an. Ọ̀nà jìn, a kò lè ti Ìwòpin jáde láàárọ̀ kí a padà sùn sílé. A sùn ní Ọ̀yọ́, a lọ sí ọ́fíìsì ọgbà náà ní Ìsòkún lójú ọ̀nà Ìsẹ́yìn, a san owó ìwọlé, a gba rìsíìtì, wọ́n sì fún wa ní afinimọ̀nà kan àti ẹ̀ṣọ́ kan tí ó gbé ìbọn. Àwa nìkan ni wọ́n bá jáde lọ́jọ́ náà, kò sí èrò mìíràn pẹ̀lú wa. Èyí dára fún àwa àgbà, nítorí ìgbà tí ó bá rẹ̀ wá ni a ń jókòó.

Afinimọ̀nà náà kò tíì tó ogójì ọdún. Ó dọ̀bálẹ̀ kí wa kí a tó wọlé, ó sì ní, “Ẹ̀yin bàbá mi, mo mọ̀ pé ẹ mọ ohun tí mi ò mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ibi tí mo bá tẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀.” Ọ̀kan nínú wa fẹ́ binú. Àgbà tí ó dàgbà jù nínú wa ló dáhùn pé, “Máa lọ níwájú, ọmọ mi. Àlejò ní ojú, kò fi ríran.” Ó sì rí bẹ́ẹ̀. Níbi tí àwa ti ń wo koríko lásán, ó fi ẹsẹ̀ ẹfọ̀n hàn wá nínú ẹrẹ̀ gbígbẹ. Ó yà kúrò lójú ọ̀nà kan tí ó mọ́ tónítóní, ó ní àwọn tí ń wọlé wá pa ẹran lóru ni wọ́n là á, pàkúté sì lè wà níbẹ̀. Ìgalà méjì sáré kọjá níwájú wa, a kò sì mọ̀ pé wọ́n wà nítòsí àfi ìgbà tí ó ní kí a dákẹ́.

Nígbà tí oòrùn ti ń mú, a dé ibi tí ìlú wà rí. Kí ẹni tí kò bá tíì débẹ̀ má rò pé ògiri ààfin ṣì ń dúró. Ilẹ̀ gbọọrọ tí ó ga díẹ̀ ni ẹ óò rí. Òun ni odi ìlú, ó yí ká ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ẹ óò rí àfọ́kù ìkòkò lábẹ́ koríko, ẹ óò rí ojú àpáta tí wọ́n fi lọ nǹkan títí ó fi jin kòtò, ẹ óò rí igi oṣè ńláńlá tí ó jẹ́ pé ibi tí ènìyàn bá gbé pẹ́ ni a sábà máa ń rí wọn. Frank Willett walẹ̀ níbẹ̀ ní 1956 sí 1957, Babatunde Agbaje-Williams ti Yunifásítì Ìbàdàn náà sì ṣe iṣẹ́ púpọ̀ lórí rẹ̀ lẹ́yìn náà. Hugh Clapperton rí ìlú náà ní 1826 nígbà tí Aláàfin ṣì jókòó nínú rẹ̀, Richard àti John Lander sì débẹ̀ ní 1830. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn, láàárín ọdún 1830 sí 1840, tí ìlú náà fi dahoro, tí Àtìbà sì gbé orúkọ Ọ̀yọ́ lọ sí ibi tí ó wà lónìí.

A jókòó sí ẹ̀gbẹ́ àpáta, a mu omi, a sì sọ ìtàn kan láàárín ara wa tí ó yẹ kí gbogbo awo mọ̀. Àlùfáà ìjọ Kírísítì ni Samuel Johnson, kì í ṣe awo; síbẹ̀ òun ló kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, a sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní ní ayé Aláàfin Onígbogí, ìyá ọba, tí a ń pè ní Àrùgbá, ọmọ Ọ̀tà, gbé Ifá wá sí Ọ̀yọ́. Ọ̀tà, ní ìpínlẹ̀ tiwa yìí! Àwọn ará Ọ̀yọ́ kò gbà. Wọ́n ní kí ni àwọn fẹ́ fi èkùrọ́ ṣe, wọ́n sì fi ìyá náà ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tí ó ń padà lọ, ó kọ́ olórí ìlú Adó ní Ifá lójú ọ̀nà. Kò pẹ́ tí àwọn Tápà fi kó ogun wọ Ọ̀yọ́, Onígbogí sì sá lọ sí Gbére ní ilẹ̀ Ìbàrìbá. Lẹ́yìn ìjìyà yẹn ni Ọ̀yọ́ tó gba Ifá.

Àwọn awo kan máa ń sọ ìtàn yìí láti fi hàn pé ẹni tí ó bá kọ Ifá yóò jìyà. Àwa rí nǹkan mìíràn nínú rẹ̀. Kì í ṣe pé Ọ̀yọ́ yẹ ìmọ̀ náà wò kí wọ́n tó kọ̀ ọ́. Ẹni tí ó gbé e wá ni wọ́n wò: obìnrin ni, àlejò ni, láti ìlú tí kò tó tiwọn. Bí àwa náà bá wá wo ọmọdé inú aṣọ ìjọba, tí a ní nítorí pé kò mọ ojú Odù, kò ní ohun tí yóò fi hàn wá, kí ni a fi yàtọ̀ sí àwọn tí wọ́n fi Àrùgbá ṣe yẹ̀yẹ́?

Ìtàn kejì wà nínú ìwé kan náà. Nígbà tí àwọn Aláàfin ti jókòó pẹ́ ní Ìgbòho, Abípa fẹ́ padà sí Ọ̀yọ́-Ilé. Àwọn ìjòyè kò fẹ́. Wọ́n ti kọ́lé, wọ́n ti dáko. Wọ́n kó àwọn abuké, àwọn arọ, àwọn àfín àti irú wọn lọ sórí òkè, wọ́n ní kí wọ́n máa ké lóru bí iwin pé àyè kò sí. Àwọn ìránṣẹ́ ọba sá wálé. Ṣùgbọ́n ọba pe àwọn ọdẹ. Àwọn ọdẹ gun òkè, wọ́n yí àwọn iwin náà ká, wọ́n sì kó wọn wá sí iwájú ọba láàyè. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe Abípa ní Ọba Mọ́rọ̀, ọba tí ó mú ọ̀rọ̀. Ẹ ṣàkíyèsí pé kì í ṣe àgbà ìlú ni ọba rán. Ẹni tí ó ń rin òkè náà lójoojúmọ́ ni ó rán. Ọmọkùnrin tí ó ṣáájú wa lọ́jọ́ náà sọ fún wa pé ọdẹ ni baba rẹ̀ àti baba baba rẹ̀. Iṣẹ́ kan náà ni ó ń ṣe. Ohun tí ó yàtọ̀ ni pé àwọn tí ń pa ẹran ni òun ń dọdẹ báyìí.

Ìyẹn ni ìdáhùn wa sí ìbéèrè èkíní.

Èkejì ló le. A kò já ewé kankan bọ̀. A dúró lábẹ́ igi èmì, a rí igi igbá, a rí èèpo àwọn igi tí a ń fi owó gọbọi rà ní ọjà Ìjẹ̀bú-Òde, a sì fi ọwọ́ wa sí àpò. Òfin ọdún 1999 tí ó de àwọn ọgbà wọ̀nyí kò gba kí ẹnikẹ́ni pa ẹran tàbí gé igi níbẹ̀ láìsí àṣẹ. Ṣùgbọ́n kí a má fi òfin bojú. Bí kò tilẹ̀ sí òfin, a kì bá tí já a.

A gbọ́ ohun tí àwọn kan ń sọ: Ọ̀sányìn ló ni igbó, awo ló ni Ọ̀sányìn, ta ni yóò dá wa lọ́wọ́ kọ́? Ẹ jẹ́ kí a bi wọ́n bí a ti ṣe kọ́ wọn. Nígbà tí a wà lọ́dọ̀ ọ̀gá, bí a bá rán wa lọ bó èèpo igi, a ó kọ́kọ́ kí igi náà, a ó bó díẹ̀ ní ojú ìlà-oòrùn, a ó bó díẹ̀ ní ojú ìwọ̀-oòrùn, a ó sì fi ìyókù sílẹ̀ kí igi má bàa kú. Ọmọ awo tí ó bá bó igi yípo yóò jẹ ẹgba. Lónìí, àwọn tí ń bó o fún ọjà a máa bó o láti ìdí dé ibi tí ọwọ́ bá gùn dé, igi a gbẹ, wọ́n a sì tún fi ṣe èédú. Àwa la sì ń rà á. Ní tòsí wa níhìn-ín, igbó Ọmọ́ ní ìhà J4, tí àjọ UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní 1977, tí erin ṣì wà nínú rẹ̀, àwọn agégi àti alákokoò ń jẹ ẹ́ láti etí wọlé. Ohun tí a ń já lẹ́yìnkùlé nígbà tí a wà lọ́mọdé, a ń wọ ọkọ̀ lọ rà á báyìí.

Ti ẹranko tilẹ̀ burú ju ti ewé lọ. Akika, ẹranko onípẹ́ tí í ká ara rẹ̀ bí òṣùṣù, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú igbó Ìjẹ̀bú. Ní 2016 ni àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé fi ẹnu kò pé òwò rẹ̀ kò gbọdọ̀ ré kọjá ẹnubodè mọ́. Awo tí ó bá sì ní ẹbọ kò lè rú láìsí irú ẹran bẹ́ẹ̀, kí ó rántí pé a ní ìbò lọ́wọ́. A lè bi Ifá léèrè bí yóò gba nǹkan mìíràn dípò, tàbí bí yóò gba owó. Àwọn ọ̀gá wa bi í, ó sì dá wọn lóhùn. Ẹni tí kò bá bi í, owó ẹran náà ni ó ń wá.

Nítorí náà, a bẹ ẹgbẹ́ yìí pé kí ìlú kọ̀ọ̀kan ya ilẹ̀ kékeré kan sọ́tọ̀ fún ewé. Ní Ìwòpin, a ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èyí tí ó rọrùn: pèrègún, àkòko, òdúndún, rinrin, tẹ̀tẹ̀. Àwọn igi ńlá yóò gba ọdún púpọ̀. Àwọn ọmọ awo tí wọ́n ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa ni yóò bó èèpo wọn, bóyá àwọn ọmọ wọn.

Fún ẹni tí ó bá fẹ́ lọ wo Ọ̀yọ́-Ilé: ẹ̀ẹ̀rùn ni kí ẹ lọ, nígbà tí koríko ti fà sẹ́yìn tí ọ̀nà sì gbẹ. Ẹ má dá lọ, ẹ má sì gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Ọ́fíìsì ni kí ẹ gbà lọ, kí ẹ bèèrè bí ọ̀nà ti rí lọ́sẹ̀ náà, nítorí àyíká ibẹ̀ kì í fi ìgbà gbogbo balẹ̀. Ẹ wọ bàtà tí ó di ẹsẹ̀ mú. Ẹ gbé omi tí yóò tó láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ẹni tí eékún ń dùn, kí ó jókòó sí ìsàlẹ̀ àpáta bí méjì nínú wa ti ṣe. Wọ́n gbádùn ọjọ́ náà. Bí ẹ bá fẹ́ júbà níbẹ̀, omi tútù àti ọ̀rọ̀ ẹnu tó. Ẹ má dáná, ẹ má fi obì àti ọ̀rá sílẹ̀ lórí àpáta.

A ó tún lọ ní ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀, bí Ifá bá fọre. Àwọn ọ̀dọ́ awo mẹ́rin ni a fẹ́ mú dání, kí wọ́n lè bá àwọn afinimọ̀nà sọ̀rọ̀ nípa orúkọ igi ní ìhà ọ̀hún àti ní ìhà tiwa, nítorí orúkọ wọn yàtọ̀ ju bí a ti rò lọ. Ẹni tí ó bá nífẹ̀ẹ́ sí i, kí ó rí akọ̀wé ẹgbẹ́ kí ọdún yìí tó parí.

Àbọrú, àbọyè.