Bí Èròjà Àwọ̀ Ti Ń Ṣùjọ Nínú Omi

Ìbéèrè kan wà tí olùkọ́ kẹ́mísírì ní Igbógìlà, ní agbègbè Yewa, lè fi dán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ wò. Bí a bá kán ìnkì yẹ́lò tí a fi ń sàmì sójú ìwé sínú ìgò omi, tí a sì gbé e sí oòrùn, omi náà yóò tàn yòò. Bí a bá wá ń da ìnkì sí i títí omi fi ki, ǹjẹ́ yóò tàn jù bẹ́ẹ̀ lọ? Ọ̀pọ̀ yóò dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, nítorí àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀ràn yìí, àgbájọ lè pa iná.

Ní ọdún 1871, Adolf von Baeyer, onímọ̀ kẹ́mísírì ará Jámánì, ṣe èròjà tí a ń pè ní fluorescein. Èròjà yìí a máa gba ìmọ́lẹ̀ búlúù sára, a sì dá a padà ní àwọ̀ ewé. Nígbà tí ó bá kéré nínú omi, mólékù kọ̀ọ̀kan a dá dúró, a sì tan ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀. Nígbà tí ó bá pọ̀ jù, wọn a sún mọ́ra. Ìmọ́lẹ̀ tí ọ̀kan gbà, a tì í sọ́dọ̀ èkejì, títí yóò fi di ooru lásán.

Kí ni ó ń kó wọn jọ? Ọ̀pọ̀ mólékù àwọ̀ ni ó rí pẹlẹbẹ bí àwo ìjẹun. Ojú pẹlẹbẹ yìí kì í bá omi rẹ́; nítorí náà wọn a kọjú sí ara wọn, wọn a sì tò léra. Bí wọ́n bá tò léra ṣánṣán, ìmọ́lẹ̀ wọn a máa kú. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1936, Jelley ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Scheibe ní Jámánì kíyè sí i, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, pé bí àwọn àwọ̀ kan bá tò ní ìdagẹ̀rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ wọn a tún mú sí i. Kì í ṣe ìpéjọ nìkan ni ọ̀ràn. Bí a ti péjọ ni.

Àwọn aláró Abẹ́òkúta àti Òṣogbo ti ń fi irú ìmọ̀ yìí ṣiṣẹ́ ṣe tipẹ́. Mólékù aró di ara wọn mú tó bẹ́ẹ̀ tí omi lásán kò lè tú wọn ká. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń gún ewé èlú, tí wọ́n ń ṣù ú, tí wọ́n ń sá a, tí wọ́n sì ń rẹ ẹ́ sínú omi eérú fún ọjọ́ mélòó kan. Àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí a yí aró náà padà, a tú ká, a sì wọ inú òwú. Bí aṣọ bá ti jáde nínú ìkòkò, a rí bí ewé. Bí atẹ́gùn bá fẹ́ sí i, a di búlúù, aró a sì tún ṣùjọ sínú òwú, níbi tí omi kò ti ní lè tú u mọ́. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń rẹ aṣọ léraléra.

Baeyer kan náà ni ó ṣàlàyé bí mólékù aró ti rí, ní ọdún 1883. Ní ọdún 1897 ni aró ilé iṣẹ́ ti Jámánì dé ọjà. Nígbà tí aró yìí àti sódà wọ Abẹ́òkúta, ẹjọ́ pọ̀ lórí aṣọ tí ń ṣá. Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá fòfin dè wọ́n. Àwọn obìnrin aláró kò gbà, ìjọba sì gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀ ní ọdún 1936. Mólékù kan náà ni ó wà nínú aró ilé iṣẹ́ àti nínú èlú. Bí aró kò bá tú ká dáadáa kí ó tó kan aṣọ, ojú òwú ni yóò jókòó sí, ìfọ̀ díẹ̀ ni yóò sì ṣí i kúrò, ibi yòówù kí ó ti wá.

Nítorí náà, olùkọ́ tí ó bá ń wá àpẹẹrẹ fún ẹ̀kọ́ yìí kò gbọdọ̀ dúró lórí ìwé òkèèrè nìkan. Kí ó gbé ìgò ìnkì àti ìkòkò aró síwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Bí ìkòkò aró bá ti ń dín kù nílùú, tí a kò sì fi í kọ́ ọmọ, ìmọ̀ inú rẹ̀ yóò bá a lọ.