Àwọn Ìwé Tí Ó Wà Nínú Àpótí, àti Ìdájọ́ Àwọn Tí Ó Kà Wọ́n

Ọ̀rọ̀ tí a sọ fún àwọn ará ìjọ ní Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù

Ọ̀rọ̀ tí a fi lé mi lọ́wọ́ ni ti àwọn ìwé tí òkìkí wọn kò kàn, àti èrò tí àwọn tí ó kà wọ́n ní nípa wọn. Èmi kò ní sọ̀rọ̀ lórí Bíbélì Mímọ́ tàbí Ìwé Orin, nítorí kò sí ilé onígbàgbọ́ tí a kò ti mọ̀ wọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni èmi kò ní pẹ́ lórí Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí D. O. Fágúnwà tẹ̀ jáde ní 1938, nítorí ìwé tí gbogbo ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ti gbọ́ orúkọ rẹ̀ kò wá alágbàwí. Àwọn tí mo fẹ́ ṣe alágbàwí fún ni àwọn tí ó wà ní ìsàlẹ̀ àpótí, lábẹ́ aṣọ òkè àwọn baba wa, níbi tí ikán ti ń ṣọ́ wọn.

Ohun kan ni mo ní láti sọ, n ó sì tètè sọ ọ́ kí ó má bàa sọnù láàrin àpẹẹrẹ. Ìwé kì í kú nítorí pé a bá a wí. Ìdákẹ́ àwọn tí ó kà á ni ó ń pa á. Nítorí náà gbèsè wà lọ́rùn ẹnikẹ́ni tí ó bá ka ìwé tí kò lókìkí: kí ó sọ ohun tí ó rí nínú rẹ̀ fún ẹlòmíràn, ìbáà ṣe ìyìn, ìbáà ṣe ẹ̀bi, kí ó sì sọ ọ́ ní òtítọ́.

Bóyá ẹnìkan yóò wí pé, "Ta ni èmi tí n ó fi dá ẹjọ́ ìwé?" Kí ẹni bẹ́ẹ̀ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Èkó ní 1929. Ọ̀gbẹ́ni I. B. Thomas, olóòtú ìwé ìròyìn Akéde Èkó, bẹ̀rẹ̀ sí tẹ àwọn lẹ́tà kan jáde, bí ẹni pé obìnrin kan tí ń jẹ́ Sẹ̀gilọlá ni ó ń kọ wọ́n nínú àìsàn, tí ó ń jẹ́wọ́ ìwà tí ó hù nígbà èwe rẹ̀. Thomas fúnra rẹ̀ ni ó ń kọ wọ́n. Ṣùgbọ́n àwọn òǹkàwé kò dákẹ́. Wọ́n kọ̀wé ránṣẹ́ sí olóòtú: àwọn kan kẹ́dùn fún obìnrin náà, àwọn kan dúpẹ́ fún ẹ̀kọ́ tí wọ́n rí kọ́, àwọn mìíràn sì gbàgbọ́ pé ẹlẹ́ran ara ni. A tẹ lẹ́tà wọn jáde nínú ìwé ìròyìn náà, gbogbo ènìyàn sì rí i kà. Ní 1930 ìtàn náà di ìwé, ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé lónìí sì kà á sí ìtàn àròsọ gígùn àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò wí pé ìtàn obìnrin oníṣekúṣe kò yẹ ní ẹnu àlùfáà. Ẹni tí ó bá kà á dé òpin yóò rí i pé ẹkún ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí mo mú un wá fún ni èyí: ọkùnrin àti obìnrin lásán, bí èmi àti ẹ̀yin, ni wọ́n mú kálámù tí wọ́n sì sọ èrò wọn, ohùn wọn sì wà pẹ̀lú ìwé náà títí di òní.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ìwé tí ó kan ilé wa. Ní 1911, Isaac Babalọlá Akínyẹlé, ẹni tí ó di Olúbàdàn ní 1955, tẹ ìwé kan jáde tí a pè ní Ìwé Ìtàn Ìbàdàn àti Díẹ̀ Nínú Àwọn Ìlú Agbègbè Rẹ̀ bí Ìwó, Òṣogbo àti Ìkìrun. Ìdájọ́ mẹ́ta ni mo ti gbọ́ lórí rẹ̀ ní ìlú mẹ́ta wọ̀nyí. Baba kan ní Ìkìrun bínú sí àkọlé rẹ̀. Ó ní, "Agbègbè kẹ̀? Ṣé Ìkìrun wá di abúlé tí ó so mọ́ etí aṣọ Ìbàdàn?" Ọ̀dọ́mọkùnrin ará Ìnísà kan tí ó wà níbẹ̀ dá a lóhùn pé, "Baba, ẹ dúpẹ́ pé orúkọ ìlú tiyín wà lẹ́yìn ìwé. Àwa ńkọ́?" Ìyá kan ní Òkukù kò bá ẹnikẹ́ni jà. Oríkì àwọn ìjòyè àtijọ́ tí ó wà nínú ìwé náà ni ó wù ú, ó ní òun kàn ń gbọ́ ohùn ìyá òun nínú rẹ̀ ni.

Ní tèmi, mo gbà pé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó jàre. Ọmọ Ìbàdàn ni Akínyẹlé, ìfẹ́ ìlú rẹ̀ ni ó mú un kọ̀wé, ibi tí ènìyàn bá sì dúró sí ni ó ti ń wòran. Ẹ rántí ogun Jálumi tí a jà ní ẹ̀bá Ìkìrun ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá, 1878. Ní ojú Ìbàdàn, ìṣẹ́gun ńlá ni, tí Balógun Àjàyí Ògbóríẹ̀fọ̀n ṣẹ́ lórí Ìlọrin, Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń sá ni ó ya lu odò Ọ̀tìn tí ó sì kú sínú rẹ̀, ibẹ̀ ni ogun náà ti gba orúkọ. Ṣùgbọ́n kí ni ẹni tí oko rẹ̀ wà ní etí Ọ̀tìn rí ní ọjọ́ náà? Kí ni àwọn ará Òkukù rí, àwọn tí ogun Ìlọrin lé kúrò ní ilé wọn, tí wọ́n sì fi Ìkìrun ṣe ibi ìsádi títí ogun fi rọlẹ̀? Àgbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. A kò lè bá Akínyẹlé wí pé ó sọ tirẹ̀. Ó yẹ kí a bi ara wa léèrè ìdí tí a kò fi sọ tiwa.

Ìwé kejì jẹ́ ti àlùfáà bí èmi. Emmanuel Moses Lijadu, tí ó ṣiṣẹ́ ìhìnrere ní Oǹdó, tẹ ìwé kan jáde lórí Ifá ní 1898, ó sì tẹ òmíràn jáde ní 1908 tí ó pè ní Ọ̀rúnmìlà. Àwọn onígbàgbọ́ kan kò fẹ́ kí irú ìwé bẹ́ẹ̀ wọ ilé wọn. Mo gbọ́ tí ẹnìkan wí pé, "Ìwé babaláwo ni, ẹ gbé e jìnnà sí àwọn ọmọ." Olùkọ́ kan tí ó ti fẹ̀yìn tì sọ fún mi pé kò sí ìwé tí ó ràn òun lọ́wọ́ jù ú lọ, nítorí ó kọ́ òun pé kí òun má ṣe jiyàn pẹ̀lú ẹni tí òun kò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìdájọ́ olùkọ́ yìí ni mo tẹ̀ lé. Lijadu tọ àwọn babaláwo lọ, ó bi wọ́n léèrè, ó sì kọ ohun tí wọ́n wí sílẹ̀ kí ó tó dá wọn lóhùn. Àbùkù kan wà: ó yára láti fi ohun gbogbo wé ẹ̀kọ́ ìjọ, tó bẹ́ẹ̀ tí babaláwo tí ó bá kà á lè máa wí pé, "Èyí kò rí bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wa." Ṣùgbọ́n ẹni tí ó pè é ní ìwé babaláwo kò tíì ṣí i rí.

Ìwé kẹta ni ti Dénrelé Adétìmíkàn Ọbasá ti Ìbàdàn, ẹni tí ó dá ìwé ìròyìn The Yoruba News sílẹ̀ ní 1924. Ó kó ọ̀rọ̀ àwọn akéwì jọ sí ìwé mẹ́ta, ní 1927, 1934 àti 1945, èyí tí í ṣe ọdún ikú rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kan sọ fún mi pé ìwé náà sú òun, pé òwe lórí òwe ni, kò sí ìtàn tí ènìyàn lè máa tẹ̀ lé. Ìyá kan tí ń ta obì ní ọjà sọ pé ojú ewé kan ni òun ń kà lálẹ́, òun a sì fi í sùn. Ó dà bí ẹni pé ìyá yìí mọ bí a ti í jẹ obì: a kì í kó àpò kan jẹ lẹ́ẹ̀kan náà. Síbẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ náà kò purọ́. Ó ṣòro láti mọ ibi tí ẹnu àwọn baba wa parí sí àti ibi tí ẹnu Ọbasá fúnra rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n ní kí ó kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé fún ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ìwé kẹrin ni Ìlọsíwájú Èrò Mímọ́, ìwé John Bunyan, tí David Hinderer ti Ìbàdàn yí sí èdè wa, tí a sì tẹ̀ jáde ní 1866. Àwọn ọ̀dọ́ ní èdè rẹ̀ ti gbó jù. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Bí olùkọ́ bá kà á sókè, tí ó sì túmọ̀ ọ̀rọ̀ tí ó ṣòro, àwọn ọmọ yóò bèèrè ibi tí èrò náà dé ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e.

Èyí tí mo fi ṣe ìkẹyìn ni ó wúwo jù lọ́kàn mi. Ní àwọn ọdún lẹ́yìn 1970, arábìnrin ọ̀mọ̀wé kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Karin Barber, gbé ní Òkukù, ó kọ́ èdè wa, ó sì jókòó ti àwọn ìyá tí ń ki oríkì. Ní 1991 ìwé rẹ̀ jáde, ó pè é ní I Could Speak Until Tomorrow, èyí tí í ṣe pé, bí a bá ní kí òun máa wí, òun lè wí títí di ọ̀la. Àwọn ọmọ Òkukù tí ó wà ní ìlú ńlá ń fi ìwé náà yangàn, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ ọ́, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìyá tí ohùn wọn wà nínú rẹ̀ kò sì mọ̀wé. Nígbà tí ìyá arúgbó kan bèèrè pé, "Kí ni ìwé náà wí nípa wa?", kò sí ẹnìkan nínú ilé tí ó lè dá a lóhùn, nítorí kò sí ẹni tí ó ti kà á. Ọ̀rọ̀ jáde ní ẹnu àwọn ìyá, ó la òkun kọjá, ó di ìwé, kò sì padà sí etí wọn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Òkukù, iṣẹ́ yín ni èyí. Ẹ kà á, ẹ sọ ọ́ ní Yorùbá fún àwọn tí ó kù ní ilé, kí àwọn àgbà lè sọ ibi tí ó ti rí bẹ́ẹ̀ àti ibi tí kò ti rí bẹ́ẹ̀. Ìdájọ́ wọn ni ó kù tí a kò tíì gbọ́, bí wọ́n bá sì lọ, ta ni yóò sọ ọ́?

Báwo ni a ó ṣe dá ẹjọ́ ìwé láìṣe ojúsàájú? Èkíní, kí a kà á dé òpin. Èkejì, kí a bèèrè ibi tí òǹkọ̀wé dúró sí, àti ẹni tí ó ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ̀kẹta, kí a tọ́ka sí ojú ewé tí ohun tí a ń wí wà, kí ẹlòmíràn lè lọ wò ó bóyá bẹ́ẹ̀ ni, gẹ́gẹ́ bí àwọn ará Bèróà ti ṣe sí ìwàásù Pọ́ọ̀lù. Ẹni tí ó bá pa mẹ́ta yìí mọ́ lè bá ọ̀mọ̀wé jókòó.

Kí a má sì ṣe rò pé àkókò pọ̀. Àlùfáà Samuel Johnson parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, ó fi í ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún títẹ̀, ìwé náà sì sọnù. Johnson kú ní 1901 láì fi ojú rí i. Arákùnrin rẹ̀, Oníṣègùn Obadiah Johnson, ni ó kó àwọn àkọsílẹ̀ tí ó kù jọ tí ó sì tún un kọ, kí a tó tẹ̀ ẹ́ ní 1921. Kì í ṣe gbogbo ilé ni ó ní Obadiah.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn mi nìyí. Kí ìjọ kọ̀ọ̀kan yan ìrọ̀lẹ́ kan lóṣooṣù, kí ẹni tí ó bá ní ìwé àtijọ́ gbé e wá, kí a ka díẹ̀ nínú rẹ̀ sókè. Kí akọ̀wé ìjọ ní ìwé kan tí yóò máa kọ orúkọ ìwé náà sí, ọdún tí a tẹ̀ ẹ́, àti ohun tí àwọn tí ó gbọ́ wí, ti ìyìn àti ti ẹ̀bi. Kí a ṣe ẹ̀dà èyí tí ó bá ń fà ya, pẹ̀lú àṣẹ ẹni tí ó ni ín. Ọ̀dọ́mọkùnrin ará Ìnísà tí ó bèèrè pé, "Àwa ńkọ́?", kí ó ra ìwé àkọsílẹ̀ kan, kí ó sì lọ bá àwọn àgbà ilé rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Nígbà tí Pọ́ọ̀lù wà nínú ẹ̀wọ̀n, tí ọjọ́ ikú rẹ̀ súnmọ́ tòsí, ó bẹ Tímótíù pé kí ó mú aṣọ òtútù òun bọ̀ láti Tíróásì, kí ó sì mú àwọn ìwé bọ̀ pẹ̀lú. Ó dárúkọ ẹni tí aṣọ náà wà lọ́dọ̀ rẹ̀ fún un. Ẹ dé ilé, kí ẹ ṣí àpótí.